Orúkọ Bàbá Rẹ Lórí Fọ́ọ̀mù Ilé

Kamilah,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ ní Clonsilla, ní ìpẹ̀kun Dublin lọ́hùn-ún. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ò ní dúró dè mí. Ìrẹsì wà lórí sítóòfù. Jẹun kó o tó ka ìyókù.

Lọ́yà pè mí láàárọ̀ yìí. Ọdún tó kù fún wa nínú fúláàtì yìí ò tó nǹkan mọ́. Ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé yìí wà lórí rẹ̀ ní bí fọ́ọ̀mù tá a fi ń tọrọ àfikún ọdún ò bá dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kí agogo márùn-ún tó lù lónìí, òun ò fún wa mọ́.

Mo ti fọwọ́ sí tèmi. Orúkọ bàbá rẹ ló ṣì ṣáájú. Lọ́yà ní kí n fa ìlà lé e, pé wọn kì í kọ ilé sórúkọ ẹni tó ti kú. Látìgbà tí mo ti kírun àsùbáà ni mo ti mú bírò dání, ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀.

Má bínú pé ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún. Má sì pè mí láti wá fi Òyìnbó bá mi jiyàn. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ. Bá mi fa ìlà náà, kó o gbé e lọ fún lọ́yà ní Parnell Street.

Ṣùgbọ́n kí ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́ o, kí wọ́n ṣì lè ka orúkọ rẹ̀.

Ìyá rẹ