Ọpọlọ Momiji Tó Rà Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n mi Shigeo,

Ẹ kú ìrọ́jú ilẹ̀ Bùràsíìlì. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Yìnyín ti bo òrùlé wa, orúnkún Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, Bàbá sì ń jẹun dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń rí mi lára. Ṣé ẹ rántí Momiji, màlúù wa tó ń gbọ̀n, tó ń ṣubú? Bàbá fi ta ilé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́rẹ, kí wọ́n lè yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì mọ àrùn náà kó tó mú àwọn yòókù. Wọ́n pa á, wọ́n gbé ọpọlọ náà sí fíríìsà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rárá tí ọ̀gá wa, Numata, fi yọ wáyà fíríìsà náà, kí ó lè fi iná ibẹ̀ mú ọtí ìrẹsì àwọn àlejò gbóná. Kò dá a padà. Ọjọ́ kẹrin ni mo ṣí i. Òórùn yẹn ṣì wà nímú mi.

Numata ní, "Tomoe, lọ dà á nù, kí o sì panu mọ́."

Àná la ṣe ètò ọdọọdún tí a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹran tó kú fún ìwádìí. Numata aláìnítìjú wọ kóòtù dúdú, ó tẹríba fún òkúta ìrántí: "Momiji, ọpọlọ rẹ kọ́ wa lọ́gbọ́n." Èmi ni mo gbé tùràrí fún un!

Bàbá, tí wọ́n pè wá síbẹ̀, ń sunkún ayọ̀. "Tomoe, ṣé o gbọ́? Ẹran wa ò kú lásán!"

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Èmi alára ń rí ara mi lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ara yín á le, ọ̀nà yín á là. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o: Sumire, màlúù wa kejì, náà ti ń gbọ̀n láti àárọ̀, Bàbá sì ti ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ kó lè fà á lọ fún Numata.

Àbúrò yín,
Tomoe