Ẹ̀rọ Tí Mo Kọ́ Ní Yorùbá

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àìrí ọmọ yín sójú látọjọ́ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ àti ọkọ wọn.

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. N kò jí ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó wá ròyìn nílé pé òun rí ọlọ́dẹ tó ń já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ mi ní Igando rí ohun tó rí, ṣùgbọ́n kò dúró béèrè ìdí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo abúlé kà á.

Iṣẹ́ mi ni láti máa ran àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà lọ́wọ́ ní kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà níbẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó gbọ́n, ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, bíi fóònù ńlá, ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Àwòrán kún ojú rẹ̀. Bó bá tẹ ọ̀kan, ẹ̀rọ á sọ ọ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń sọ. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbé e délé, ó tẹ àwòrán kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rọ ń wí pé, “I am in pain,” pé ara ń ro òun. “Àmín” ni màmá gbọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ní, “Àmín, Jésù.” Wọ́n ní ó ti tó oṣù méjì tí ẹ̀rọ ti ń bá àwọn gbàdúrà, pé ìrọ̀lẹ́ gan-an ló máa ń tẹra mọ́ ọn.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ọmọ náà, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ohùn ara mi sínú ẹ̀rọ náà ní Yorùbá. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ nílé, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lórí itan rẹ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí.” Màmá ta gìrì, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Lẹ́yìn náà ló yé wọn. Wọ́n tú ọ̀já tí wọ́n fi ń so ọmọ mọ́ àga. Ó ti bó o lára lábẹ́ aṣọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bẹ ọmọ.

Ọpẹ́ wọn ló kó mi sí wàhálà. Wọ́n wá sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń yìn mí níwájú àwọn òbí pé èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá. Màdáàmù tó ni ilé-ẹ̀kọ́ pè mí, ó ní fànákúlà, ìyẹn èdè ilé bíi Yorùbá, kì í wọ ọgbà òun, pé kí n pa ohùn náà rẹ́, kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ mi á sì wà. Ẹ mọ̀ mí, Màámi. Mo kọ̀. Mo gbá ẹ̀rọ mọ́ àyà, ọlọ́dẹ sì wọ́ mi dé ẹnu géètì kó tó já a gbà. Wọ́n pa ohùn náà rẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò ní bá ọmọ lọ sílé mọ́.

Bí mo bá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ńkọ́? Bóyá ẹ̀rọ ì bá ṣì máa bá a délé. Orí kunkun mi ni mo gbà là, ohùn ọmọ ọlọ́mọ ló lọ.

Mo fẹ́ ka àwọn tó dúró tì mí fún yín. Obìnrin tó ń se oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹnì kìíní. Mo ka òun tán, kò sí ẹnì kejì.

Òjò ń rọ̀ níbí, òórùn ààtàn ń wọ yàrá mi, mo sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tó pe orúkọ mi. Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ foríjì mí, n kò tíì lè wá. Búlọ́ọ̀kù ni mo ń rù ní Abúlé Ẹ̀gbá báyìí, kí n lè ra irú ẹ̀rọ náà fún Mọ́rẹ́nikẹ́. Owó rẹ̀ kò tíì pé.

Mo ya àwòrán ìrora sórí páálí fún un, ṣùgbọ́n páálí kò lè pe ẹni tó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo bá Mọ́rẹ́nikẹ́ lóun nìkan lórí àga. Ó ti tẹ páálí náà títí ìka rẹ̀ fi dá a lu. Nígbà tó rí mi, ó ju páálí sílẹ̀, ó sì na ìka sí ẹnu mi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ gbóhùn àwọn ọmọ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tàgbà tèwe.

Èmi ni,
Àkànní, ọmọ yín.