Mo Ṣí Imú Ní Balùwẹ̀ Àgbà

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn jàre. Rọ́bà tó rí ní imú mi lórí fóònù kì í ṣe nǹkan bàbàrà, afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbà á wọlé. Ẹ ò rí ìlú, wọ́n ń bu afẹ́fẹ́ fún àlejò!

Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé. N ò bọ̀. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ mi: mò ń ṣí ṣáwà balùwẹ̀ nílé onílé, mò ń fi ẹ̀rọ fa omi wínníwínní tó ń fò kiri, ká lè mọ kòkòrò àìfojúrí téèyàn ń fà símú bó ṣe ń wẹ̀. A máa ń fi ìbòmú ṣiṣẹ́ ni. Àmọ́ ìyá àgbà kan tí mo lọ ṣiṣẹ́ nílé wọn wò mí, wọ́n ní, “Ṣé balùwẹ̀ mi ń rùn ni?” Ọmọ tí ẹ kọ́ kì í bo imú nílé àgbà. Mo bá ṣí ìbòmú kúrò.

Kòkòrò inú omi wọn náà ni dókítà rí nínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Ọ̀gá mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ìgbà tí ẹ̀rí ohun tí à ń wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni n ó fi í sílẹ̀? Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí mo bá ti dìde, n ó padà síbẹ̀, n ó sì bo imú, kódà kó jẹ́ balùwẹ̀ ìyá ọba!

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ìyá àgbà náà ń kí yín. Bẹ́ẹ̀dì wọn ló kan tèmi, rọ́bà wà nímú tiwọn náà. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ kọ́ ọmọ dáadáa.

Ọmọ yín.