Ìdí Tí Ọmọ Mi Fi Kúrò Nínú Igbó Bọ́ Sójú Títì

Yàrá Ìsàlẹ̀,
Ilé Alájà Méjì,
Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Káfíńtà,

Ọmọ-ọmọ wa, àbígbẹ̀yìn Káfíńtà, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ò mọ̀wé. Ó jókòó sórí àpótí tí bàbá rẹ̀ kàn fún mi, ó gbé pátákó tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ lé orúnkún, ó fi ṣe tábìlì. Mo ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí fún un kí n tó ní kó mú bírò, nítorí náà má rò pé ibi tó ti ń kọ̀wé ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ní bí kò bá lè kọ ọ́, kí n wá ẹlòmíì. Ó ní òun máa kọ ọ́. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe o. Ó ní kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe.

Báwo lara? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí o sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àbí ìdí lo ṣì fi ń wọ́ bọ̀ bí ọmọ ọwọ́? Oorun ńkọ́? Mo gbọ́ pé o kì í jẹun alẹ́ mọ́. Jọ̀wọ́, máa jẹun. Àkọ́bí rẹ ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń wọlé ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀? Ajá yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbó gbogbo ẹni tó bá dé fìlà? Àwa níbí wà. Ojú ọ̀tún mi ti ṣú tán, ti òsì ń gbìyànjú. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ra wọn yé.

Iṣẹ́ tí o rán sí wa ti dé. O ní kí ọmọ mi má gbé alùpùpù gbàgìdì yẹn wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ. O ní kò pẹ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ tó fi kó ẹrù kúrò nítòsí rẹ, tó kó wá sọ́dọ̀ mi, tó ta alùpùpù tó fi ń bá ọkọ rẹ̀ wọ igbó, tó lọ ra èyí tó ń dán, tó wá ń bá àwọn ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì awọ ṣeré kiri ojú títì. O ní ó ti gbàgbé Káfíńtà. Mo gbọ́. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò bá ọ jà, nítorí èmi náà ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ sí i lójú.

O ṣáà mọ bí àwọn méjèèjì ṣe rí. Láti ìgbà tí wọn ò tíì fẹ́ra ni wọ́n ti ń gun alùpùpù wọ inú igbó, tí wọ́n ń gun òkè, tí wọ́n ń la odò kọjá. Bí mo bá wá kí wọn, tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ẹrẹ̀ á ti bo wọ́n dé ìpéǹpéjú. Ọkọ Ẹrẹ̀ àti Ìyàwó Ẹrẹ̀ ni mo ń pè wọ́n. Mo ti fọ ṣòkòtò ọmọ mi rí tó jẹ́ pé bí mo gbé e sílẹ̀, ó dá dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ á máa tún fíríìjì onífíríìjì ṣe, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ tónítóní, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa retí Sátidé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tó gun nǹkan tuntun yìí wọ inú ọgbà wa. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bí àga pálọ̀. Ó ní irú èyí ni wọ́n fi ń rin ìrìn àjò jíjìn, pé èèyàn lè gùn ún láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lójú ọ̀dà kí ẹ̀yìn má dùn ún, bẹ́ẹ̀ ó tún ń sáré gan-an. Mo ní ṣé ó ti darúgbó ni. Mo ní àwọn tí ìbàdí wọn ti kú ló ń wá ọ̀nà tó tẹ́jú, àti pé bí ọkọ rẹ̀ bá rí i lórí ẹ̀, á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Kò bá mi jiyàn. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí, torí láti ọjọ́ tó ti hu eyín lọmọ yẹn ti ń bá mi jiyàn.

Òótọ́ ni pé ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun irú rẹ̀. Wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lọ sí ìlú tó jìnnà. Ọ̀kan nínú wọn, onígbàjámọ̀ kan báyìí, wá kí i nílé wa, ó sì sọ fún mi pé Ìyá Ẹ̀yìn làwọn ń pè é, torí kò gbà kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun. Bí wọ́n bá ní kó bọ́ síwájú, á ní táyà òun ò le tó. Wọ́n rò pé ojo ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ lọ rí dókítà ojú, bọ́ọ̀sì kò wá. Ó ní kí n gun ẹ̀yìn òun. Bí mo ṣe gùn ún, kò kan lẹ́tà yìí. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wò mí, ìyàwó oníbúrẹ́dì sì ní kí n rọra o, kí n má lọ fẹ́ ọkọ míì lọ́nà. Ọmọ mi fi akoto dé mi lórí, etí mi méjèèjì sì ká sínú rẹ̀. A gbéra. Kí n má purọ́ fún ọ, mo gbádùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n dígí wà lára alùpùpù yìí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ojú mi tó ṣì ń ríran wà lápá òsì, mo sì ń rí ojú rẹ̀ nínú ti apá ibẹ̀. Á wo ọ̀nà, á wo dígí. Á tún wo ọ̀nà, á tún wo dígí. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa. Títì náà dá páropáro. Síbẹ̀ kò yé wò ó, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ń retí ọmọ tó pẹ́ níléèwé.

Nígbà tí a yà sí ilé epo, mo bọ́ sílẹ̀, mo ní, "Ta lò ń wò lẹ́yìn?"

Ó ní mọ́tò ni.

Mo ní, "Mọ́tò wo?"

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà ní atẹ́gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọkùnrin tó ń ta epo fẹ́ súnmọ́ wa, mo ní kó máa ta epo rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, bó o bá wà lórí ìdúró, jókòó.

Àwọn tó ń gun alùpùpù nínú igbó kì í fi dígí sí i, torí igi máa ń fọ́ ọ. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló tú ti àwọn méjèèjì kúrò. Òfin ni wọ́n fi rọ́pò dígí. Bí ẹni tó wà níwájú bá dé oríta, á dúró títí á fi rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti mọ ara wọn jù, wọ́n wá gé òfin náà kúrú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni iwájú bá ti rí eruku tó ń sọ lẹ́yìn kọ́nà, ó ti tó. Eruku yẹn ni ẹnì kejì. Á máa lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, kò sì já wọn kulẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí Káfíńtà kú, ọmọ mi ló wà níwájú. Ó dé oríta, ó wẹ̀yìn, ó rí eruku, ó sì lọ. Ó dé etí odò tí wọ́n ti máa ń jẹun, ó yọ búrẹ́dì, ó gé e sí méjì, ó gbé ti ọkọ rẹ̀ sórí òkúta. Ó ń retí. Ó ní bóyá táyà ló jò. Nígbà tí búrẹ́dì yẹn ti gbẹ lórí òkúta ló tó yí padà.

Eruku lọ́rì tó ru yanrìn ni ó rí. Lọ́rì yẹn ló kọjá lára ọmọ rẹ ní kọ́nà, eruku bò ó lójú, ó ṣì ọ̀nà, ó sì bọ́ sí kòtò, alùpùpù sì dùbúlẹ̀ lé e láyà. Ẹni tó wa lọ́rì kò mọ nǹkan kan; ipa táyà rẹ̀ àti yanrìn tó dà sílẹ̀ ní kọ́nà ló fi yé ọmọ mi. Ọmọ mi bi dókítà léèrè bóyá ì bá yè ká ní òun tètè padà. Dókítà kò sọ pé ì bá yè. Kò sì sọ pé kì bá tí yè.

Ìdí tó fi kúrò nínú igbó nìyẹn. Ó ní, "Màámi, mi ò lè gun èyí tí mi ò ti ní rí ẹ̀yìn mi mọ́." Dígí ló lọ rà, ọ̀rẹ́ mi. Alùpùpù kàn bá a wá ni.

N kò bá a wí lórí eruku. Ìwọ lè bá a wí, ọmọ rẹ ló kú. Ohun tí mo bá a wí lé lórí ni èyí tó kù.

O rántí pé nígbà tí wọ́n gbé alùpùpù Káfíńtà dé, ọwọ́ bíréèkì rẹ̀ ti kán. Àkọ́bí rẹ gbé e sókè lójú gbogbo èèyàn, ó ní mẹkáníìkì àdúgbò yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bíréèkì yẹn ṣe, ló pa àbúrò òun. Ìwọ náà sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ kò ti kí ọkùnrin yẹn mọ́, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń gbé alùpùpù wọn gba iwájú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, títí ó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ń fọṣọ fún àwọn èèyàn báyìí. Ọmọ mi dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ti rí ilẹ̀. Kí ọmọ rẹ tó bọ́ sí kòtò, táyà ti fa ilẹ̀ ya gbọọrọ, táyà tí bíréèkì rẹ̀ kò mú kì í sì í fa ilẹ̀ báyẹn. Òkúta ìsàlẹ̀ kòtò ló kán ọwọ́ bíréèkì. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wá rò ó pé bí òun bá ní kì í ṣe bíréèkì, wọ́n á bi òun pé kí ni nígbà náà, àti pé níbo ni òun wà. Ló bá panu mọ́.

Mo bi í níbi ilé epo yẹn pé, "Ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

Ó ní, "Mo mọ̀, Màámi. Ìdí tí mi ò fi lè gbé àdúgbò yẹn mọ́ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń kí mi pẹ̀lẹ́."

N kò pàrọwà fún un. Mo jẹ́ kó sunkún tán, mo ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ó fẹ́ wá bá ọ. Á gbéra láàárọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á sùn lọ́nà, á dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́sàn-án Àìkú, lórí alùpùpù tí o ní kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló fẹ́ dúró sí sọ ọ́ fún ọ. Mo ní rárá, pé kò yẹ kí arúgbó máa fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ó wà níta, ó ń tú fíríìjì oníbúrẹ́dì, ó sì ń fi irin nalẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

N kò bẹ̀ ọ́. N kò mọ ohun tí Káfíńtà ì bá sọ, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n ń purọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi wó, ó gun alùpùpù wá láti ọ̀dọ̀ yín, ó ń kàn án, ó ń kùn mọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilẹ̀kùn náà kò sì dún mọ́ títí dòní. Bó o bá fẹ́ pariwo mọ́ ọmọ mi, pariwo. Bó o bá fẹ́ gbá a létí, gbá a, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n inú ilé ni kó o ti ṣe é. Jẹ́ kó bọ́ akoto, kó jókòó, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bó o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á yí padà, mo sì mọ ọmọ mi, kò ní lè wá mọ́ láéláé. Á kàn máa wo dígí kiri ayé ni.

Ọmọ tó ń kọ lẹ́tà yìí ní kí n kí ọ. Ó ní òun náà fẹ́ bá ìyá òun wá. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí o ṣe máa gbà á. Bá mi kí ìyàwó àkọ́bí rẹ, sọ fún un pé ìpara tó fi ránṣẹ́ dára, àmọ́ òórùn rẹ̀ pọ̀ jù.

Àkọ́bí rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ọjọ́ Àìkú yẹn tó pé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Bó bá kọ́kọ́ gbọ́, ariwo rẹ̀ ló máa dé àdúgbò kí òótọ́ tó dé. Mẹkáníìkì ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, lónìí tí o gba lẹ́tà yìí. Má rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni kí o lọ, torí ìwọ náà wà lára àwọn tó sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, nítorí náà gba ẹ̀yìn, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń sá aṣọ. Kí ìyàwó náà wà níbẹ̀ kó gbọ́ o. Má kí i títí, má ṣàlàyé jù. Sọ fún un pé bíréèkì tó tún ṣe mú.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ ẹ̀tàn ṣe,
Ìyá Onífíríìjì.