Ìyá Tó Dúpẹ́ Kí Ọmọ Tó Dé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Dorcas Wúrà Akínrìnlọlá (1946–2025)

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Màmá fi bẹ Ọlọ́run nítorí ìpadàbọ̀ ọ̀kan nínú ọmọ wọn. Wọn kò pariwo, wọn kò sì dákẹ́. Ní ọdún 2012, Ọlọ́run dáhùn.

Òkè-Lísà ní ìlú Oǹdó ni a ti bí wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1946. Bàbá wọn ni Pa Jeremáyà Akínbọ̀dé, àgbẹ̀ kòkó ní Bọ́lọ́rundúró; ìyá wọn ni Màmá Rúùtù, tí ilẹ̀ kì í mọ́ bá lórí ẹní. Lójú ọ̀nà oko ni Wúrà ti kọ́ orin ìyìn sórí kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni ní ọdún 1965, wọ́n sì fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìta-Ògbólú àti Akúrẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì ní ọdún 2001.

Ní ọdún 1968, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Samuel Kọ́láwọlé Akínrìnlọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Akúrẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀. Ní ọdún 1993, Olúgbémiga, àkọ́bí wọn, fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ àwọn tó ń jó irin pọ̀. Bàbá ní kò gbọdọ̀ tẹ ilé àwọn mọ́ láìsí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Bàbá ń retí kí ọmọ wá dọ̀bálẹ̀. Ọmọ ń retí kí Bàbá rán àgbà kan wá pè é. Kò sí ẹni tó mira nínú àwọn méjèèjì, ni Olúgbémiga bá gba Kamẹrúùnù lọ, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Gbogbo Ọjọ́rú ni Màmá ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ ní ọdún 2003, wọ́n ní, “Ìyá Gbémiga, bó bá dé, sọ fún un pé mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà.” Wọn kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi papòdà. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ Màmá di méjì: kí ọmọ dé, kí ẹ̀mí àwọn sì gùn tó láti jíṣẹ́ náà.

Màmá padà sí Oǹdó. Ní ìsìn ìkórè ọdún 2005, akọ̀wé ìjọ kà á jáde pé Ìyáàfin Akínrìnlọlá ń dúpẹ́ fún ìpadàbọ̀ ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ obìnrin dìde, wọ́n bá wọn jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n ń wo ẹ̀yìn bóyá wọn yóò rí i.

“Ìyá Gbémiga, ọmọ dà?” ni Ìyá Joy, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, bi wọ́n níta. “Ta la wá jó fún láàárọ̀ yìí?”

“Ó wà lọ́nà. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi jó.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ wọ́n ní Ìyá Adúpẹ́-ṣáájú. Màmá ń dáhùn sí orúkọ náà.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, Olúgbémiga wọlé pẹ̀lú irun funfun lórí. Kí Màmá tó bu omi fún un, wọ́n jíṣẹ́: “Bàbá rẹ ti gba ọ̀rọ̀ wọn padà.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sunkún. Nígbà tí àlùfáà ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìdúpẹ́, wọ́n ní, “Ẹ wo ìwé yín, sà. A ti ṣe é.”

Wọn kò fi ààwẹ̀ Ọjọ́rú sílẹ̀. Àwọn ìyá láti Oǹdó títí dé Ìgbàrà-Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ ọmọ tó sọnù wá, Màmá sì ń kọ wọ́n sínú ìwé, wọ́n ń fa ìlà sí ti ẹni tó bá dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2025, Màmá sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi Olúgbémiga, Bọ́lánlé àti Olúwajùwọ́nlọ sílẹ̀ lọ́mọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, tí Moyinolúwa àti Peculiar wà nínú wọn, àti Goodness, ọmọ-ọmọ-ọmọ.

Wúrà, ọmọ Akínbọ̀dé, ẹ sinmi ní ọwọ́ Ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Orúkọ mọ́kànlá ṣì wà nínú ìwé náà láìní ìlà. Àwa ọmọ ni a jẹ àwọn ìyá wọn ní gbèsè àdúrà.