Nítorí Ẹranko Abìrùméje Tí Wọ́n Pa Nínú Fíìmù

Níyìọlá, Àlàmú ọmọ mi,

Ara ńkọ́? Festac ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìẹ tí kò ní àgò yóò máa ṣọ́ ọ, omi tí o bá mu kò ní há ọ lọ́fun, ọ̀gá tó bá sì fẹ́ fi ojú rẹ gbolẹ̀, ilẹ̀ ni yóò fi ojú tirẹ̀ gbo. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni bírò. Ara tèmi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń bá mi jà bí òjò bá ṣú. Ewúrẹ́ abilà yẹn ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì kò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́ jẹ́.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí ni pé mo fẹ́ kí o gbọ́ ohun tí mo ṣe ní Amúwò lẹ́nu èmi fúnra mi, kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ tó sọ ọ́ fún ọ kí wọ́n sì fi iyọ̀ sí i. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, jẹ ẹ́ tán ná.

Ìwọ náà lo fi ìwé *Òṣùpá Bọ́ Sódò* ránṣẹ́ sí mi, o ní àwọn ọ̀gá yín ti sọ ọ́ di fíìmù, o sì ní ìwọ jẹ́ ẹni ńlá nínú rẹ̀. Kí fíìmù náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo ti ka ìwé náà sókè fún bàbá rẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ìwé ọmọdé ni, pé kí ni onírun funfun ń wá nínú rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo ń kà á lọ tí òun sì wà ní ṣáláńgá, ibẹ̀ ló ti pariwo pé kí n dúró de òun. Ìwé náà dùn. Ìkẹ́, ọmọdébìnrin aláìléyín-iwájú, tí ìyá ìyá rẹ̀ rán pé kó lọ gbé òṣùpá tó já sínú odò wá. Abìrùméje, ẹranko onírù méje, ló dábùú afárá, àwọn akọni ti gbé àdá lọ bá a títí, kò yẹ̀. Ìkẹ́ kò gbé nǹkan kan. Ó kàn bi í pé ṣé ibì kan ń yún un lẹ́yìn tí ìrù kò tó. Ni ẹranko bá bú sẹ́kún, torí láti ọjọ́ tó ti wà láyé, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rí. Ìkẹ́ bá a họ ẹ̀yìn, ó gbé Ìkẹ́ sọdá, nígbà tó sì yá ó tẹ̀ lé Ìkẹ́ délé, ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá àgbà ló ń sùn, àwọn ọmọdé ń fi ìrù rẹ̀ ṣe jangirọ́fà. Níbẹ̀ ni ìwé parí. Bàbá rẹ ní eruku ló kó sí òun lójú.

Fíìmù wá dé. Ezra, olórí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, ló ní in nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, wọ́n fi ìró bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n ta aṣọ ìbùsùn funfun ti ìyàwó àlùfáà mọ́ ògiri, Ezra sì tan iná lu aṣọ náà. Iwájú pátápátá ni mo jókòó sí, léèsì tí o rà fún mi ni mo wọ̀, mo sì ti sọ fún ará ọ̀tún àti ará òsì pé ọmọ mi ń jáde bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́, odò inú fíìmù yẹn lẹ́wà ju ti ìwé lọ. Ìwé kàn ní òṣùpá ń dán lábẹ́ omi bí àwo tánganran, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í hàn wá, ẹnu mi là, eṣinṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe ilé. Ibẹ̀ náà ni dídára rẹ̀ parí sí. Eyín Ìkẹ́ pé bí eyín ẹṣin, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bí ìgbálẹ̀, bó bá ṣẹ́jú, àwa tó wà níwájú ń gba atẹ́gùn. Ìyá àgbà ńkọ́? N kò rí i! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gé irun bí ogbe àkùkọ ni wọ́n fi síbẹ̀, orin ló ń kọ ní gbogbo ìgbà tó yẹ kó ronú. Mo bi Ezra pé níbo ni ìyá àgbà wọlé sí, ó ní bóyá wọn kò rí owó san fún un. Ṣé bí wọ́n bá ránṣẹ́ síhìn-ín, kò sí arúgbó tó máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ni?

A ń wá ọ. Gbogbo ọkùnrin tó bá ti dára lójú ni mo ń sọ pé ìwọ ni, bàbá rẹ ń ní kì í ṣe ìwọ. Ìgbà tó yá, Abìrùméje jáde. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ náà tẹ̀ sínú díẹ̀. Bàbá rẹ dì mí lọ́wọ́ mú, torí àwa méjèèjì la jọ mọ ẹsẹ̀ yẹn. Mo dìde, mo ké pé ọmọ mi nìyẹn. Wọ́n ní èwo? Mo ní èyí tó ní ìrù. Ẹ̀rín ta. Ìyàwó àlùfáà, tó yẹ kó bẹ̀rù Ọlọ́run, ń bi mí pé nínú èmi àti bàbá rẹ, ta ni o gbé ìrù jọ.

Mo ń retí kí Ìkẹ́ wá họ ẹ̀yìn rẹ. Kò wá. Ológbe àkùkọ ló fa idà yọ. O dúró, orúnkún rẹ òsì kọ́kọ́ yẹ̀, o gbé ọwọ́ sí ìpàkọ́, o wó lulẹ̀, o kò dìde mọ́. Ìkẹ́ sunkún, omi ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ló bá bọ́ sí ijó. Gbogbo aṣọ náà wá dúdú, orúkọ àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sọ́run ní funfun, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ezra nawọ́ sí ọ̀kan, ó ní Màmá, ẹ wò ó, Níyìọlá rèé. Àlàmú, mo rí orúkọ rẹ tó ń lọ sọ́run! Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, ẹṣin àlejò tó wà ní ìsàlẹ̀ odò já okùn.

Mo pe fóònù rẹ. Obìnrin tó ń gbé inú rẹ̀ ló dáhùn, ó ní wọn kò lè rí ọ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé obìnrin bíi tèmi ni ọ́, jọ̀ọ́ wọlé lọ wò ó, bóyá oorun ló ń sùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún wí. Mo bi í bóyá ó bímọ, ló bá yí ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá rẹ ní kí n dákẹ́, pé eré ni, ẹnikẹ́ni kì í kú nínú eré. Gbogbo abúlé ní mo ti ya wèrè, àwọn ọmọdé ń wó lulẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń ké bí mo ṣe ké. Ṣùgbọ́n mo mọ bí o ṣe máa ń ṣubú. Ọdún tí oòrùn mú ọ lóko ẹ̀gẹ́, tí o ṣì kéré, bẹ́ẹ̀ náà ni: orúnkún òsì, ọwọ́ sí ìpàkọ́, gbì. Ẹni tó ń ṣeré ṣubú a máa wo ilẹ̀ kó tó ṣubú. Ìwọ kò wo ilẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo fi wọkọ̀. Mo kọ́kọ́ kọjá lọ sí Alákijà nítorí pé awakọ̀ kò gbọ́ mi, mo padà sí Mile 2, mo béèrè Festac, ọkùnrin kan ní kí n sọ nọ́ńbà òpópónà àti ti àdúgbò àti ti ilé. Ṣé ìlú lẹ ń gbé ni àbí ìwé orin? Nígbà tí mo débẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ wà ní títì. Aládùúgbò rẹ, Mama Àdúràolúwa, ló jáde. Mo ní ọmọ mi ti ṣubú. Kò béèrè ọmọ wo. Ó gbá mi lórí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹ̀mí ikú, ó de ẹ̀mí àfojúdi, gèlè mi já bọ́, ó de òun náà. Ìgbà tí a ṣe àmín tán ló tó bi mí pé ta ni mo ń wá. Mo dárúkọ rẹ. Ó ní háà, Mummy, Níyìọlá tó lọ ṣiṣẹ́ ní Badagry lánàá? Ó ní fóònù rẹ ló bọ́ sómi, pé o fi ti ẹlòmíràn pe òun, o sì ní kí òun bá ọ gbé ẹ̀wà rẹ kúrò nínú fíríìjì kó má baà kan. Ìgbà tó dárúkọ ẹ̀wà ni mo tó gbà á gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, ó bu ìrẹsì fún mi, mo sì sùn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣubú yẹn kò kúrò lójú mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ó júwe ọ́fíìsì yín ní Amúwò fún mi, ó fi mí sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì yín so káàdì mọ́ mi lọ́rùn, mo dúpẹ́, mo bi í pé ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ṣé mo ní àpọ́íńtímẹ́ǹtì. Mo ní rárá o, orúnkún nìkan ni.

Ọ̀gá yín, Kọ́ládé, ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ló dàgbà. Mo kí i, mo yọ ìwé náà jáde, mo ní kí ó ka ojú ewé tó kẹ́yìn fún mi. Ó ní òun kò kà á débẹ̀. Mo ní o se ọbẹ̀ tán o kò ṣí ìkòkò wò? Mo kà á fún un fúnra mi, títí dé jangirọ́fà. Mo ní ìwé ní ẹranko yìí kò kú, ta ló wá pa á? Ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo àjà. Ó wá ní Mummy, kò sẹ́ni tó pa á. Ó ní bó ṣe wà nínú ìwé làwọn fẹ́ ṣe é, pé o máa gbé Ìkẹ́ sọdá afárá ni. Ó ní láti òwúrọ̀ lẹ ti wà nínú oòrùn, tìmùtìmù ni wọ́n fi rán awọ ẹranko náà, kò sí ihò tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. O ní òùngbẹ ń gbẹ ọ́, wọ́n ní kí o tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ lo ti wó. Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán kò tíì kú, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò níbẹ̀, ni wọ́n bá mú ìṣubú rẹ, wọ́n lọ gbé idà fún ológbe àkùkọ níbòmíràn, wọ́n so méjèèjì pọ̀.

Mo ní kí ó fi èyí tí wọ́n gé dànù hàn mí. Ó kọ̀, mo jókòó. Ó fi hàn mí. Mo rí àwọn èèyàn tó ń sáré, wọ́n fa orí ẹranko yọ, ojú rẹ yọ jáde nínú rẹ̀, ó tutù rinrin, bí ọjọ́ tí mo bí ọ gẹ́lẹ́. Wọ́n ń fẹ́ ọ, wọ́n ń da omi sí ọ lórí. Ìgbà tí o lajú, ọ̀rọ̀ tí o kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n má sọ fún màmá rẹ.

Àlàmú. Mo fi etí ìró mi nu ojú rẹ lára ẹ̀rọ wọn. Kọ́ládé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó ní àwọn gbé ọ lọ sílé ìwòsàn, pé o ti gbádùn, pé àwọn ọmọdé kò jẹ́ kí àwọn sinmi, pé wọ́n ń béèrè Abìrùméje, àwọn sì fẹ́ jí i dìde nínú fíìmù kejì. Mo ní ó dára, ẹ lu ihò sí orí rẹ̀ ná. Mo ní kí omi wà nítòsí, kí ẹnì kan wọnú ìdajì ẹ̀yìn, torí ẹnì kan ṣoṣo kò lè máa dá ru ìrù méje. Mo ní kí wọ́n dá ìyá àgbà padà sípò rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo lè ṣe é. Mo ní n ó bi ọkọ mi. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pè ọ́ ní Ọmọ Mummy níbi iṣẹ́, má bínú. Bí o kò bá sì fẹ́ wọ awọ yẹn mọ́, ìwọ ni kí o sọ fún wọn, èmi ti sọ tèmi.

Mo délé, mo ròyìn fún bàbá rẹ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò jẹun. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ezra tún tan fíìmù náà, nítorí àwọn ará abúlé kejì tí wọn kò tíì rí i. Nígbà tó dé orí afárá, bàbá rẹ dìde, ó rọra rìn lọ síwájú, ó dúró sí ojú iná. Òjìji rẹ̀ bo gbogbo aṣọ, ẹ̀yìn bùbá rẹ̀ lo ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Wọ́n pariwo pé Bàbá Níyìọlá, ẹ kúrò níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Kò mira títí tí ijó fi bẹ̀rẹ̀, ó wá padà sí àyè rẹ̀, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Bó o bá wálé, má ṣe jẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ ọ́ síbí.

Ra fóònù mìíràn. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún orúnkún yìí, ṣùgbọ́n má gba ti báǹkì, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wọn gbé káàdì mi mì níjọ́sí, mo jókòó tì í títí ọ̀sán pé bóyá yóò pọ̀ ọ́. Fún èèyàn mú wá. Èyí tó sàn jù ni pé kí o gbé ara rẹ wá, kí n fojú rí ọ láìsí ìrù.

Ọ̀nà rẹ yóò là. Òùngbẹ kò ní gbẹ ọ́ láàárín àwọn tó ní omi. Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí o tún ṣubú níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọláyan