Ẹni Tí Wọ́n Yẹ̀ Wò Ni Wọ́n Rí

                                        Ilé Alájà,
                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì Ọkọ̀ Ẹrù.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ mi ọkùnrin, awakọ̀ tí gbogbo gáréèjì ń pè ní Másùn, kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá nílé ìwòsàn. Àrùn éèdì ló pa á. Ìyàwó rẹ̀ kọ́ ló pa á. O wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ín, o mọ̀ pé ó kú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó wà lókè ìwé yìí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹnu yí i padà.

Mo wá kí ọ. Ṣé o délé ire? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Èmi ń jẹ, mo sì ń sùn. Nígbà tí ìyàwó mi, ìyá Másùn, kú, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ti èyí, mo kàn jókòó ni, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ní kí n jẹun, mo jẹ. Wọ́n ní kí n wẹ̀, mo wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Lẹ́yìn ìsìnkú, o dìde dúró láàárín àgbàlá, o ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ìwọ yóò wá kó àwọn ọmọ méjèèjì kúrò lọ́wọ́ Aránṣọ, ìyá wọn, torí obìnrin tó pa ọkọ kò gbọdọ̀ tọ́ ọmọ ọkọ. Aránṣọ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pọn èyí kékeré. Ó gbé ọmọ náà wọlé. Èmi kò fèsì lọ́jọ́ náà. Mò ń fèsì báyìí, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nígbà tí Aránṣọ lóyún àkọ́kọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo aboyún. Ẹ̀jẹ̀ náà mọ́. Másùn gbé ìròyìn yẹn dé gáréèjì bí ọmọ tó gba ipò kìíní nílé ìwé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má da òun láàmú mọ́ pé kí òun lọ yẹ ara wò, wọ́n ti yẹ ilé òun wò. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ìyàwó á lọ fi apá gba abẹ́rẹ́, ọkọ á gba èsì. Nígbà tó lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n rí kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èsì ọ̀hún kò wá jẹ́ ti ilé mọ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, ti àwọn méjèèjì ni. Nígbà tí kò mọ́ mọ́, ó di ti obìnrin nìkan.

Mo sọ fún ọmọ mi pé kí òun náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó ní, "Bàámi, ẹ wo ọrùn mi. Ṣé ọrùn aláìsàn nìyí?" Lóòótọ́, ọrùn náà ki bí òpó. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ wá bá wọn ní gáréèjì, pé kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àwọn awakọ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ọkọ lo ń wá ni? Àwa ti níyàwó o." Ó ní bí òun bá ń wá ọkọ, òun kò ní wá a wá sídìí táyà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gun ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí ọrùn náà wá di igi ìṣáná, mo bi nọ́ọ̀sì yẹn léèrè lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Másùn nílé ìwòsàn pé kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ni wọ́n máa ń rí i lára wọn jù. Ó ní, "Baba, aboyún ló ń wá bá wa. Kò tíì jókòó tán tí a ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ta ló máa fún àwọn ọkọ lóyún kí àwa lè rí tiwọn?" Ó ní nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá ti jáde ni ilé ìwòsàn ń ṣílẹ̀kùn, kí àwọn awakọ̀ tó dé, wọ́n ti tì í. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n wà nílé, kò ṣí rárá. Ó ní kí n ronú sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de ẹrù. Mo mọ ibẹ̀. Ìwọ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, alábàárù ni èmi, ìwọ lo wakọ̀. Nígbà mìíràn, ọkùnrin á wà níbẹ̀ fún oṣù kan, owó ọ̀nà wà lápò, ìyàwó jìnnà. Ọmọbìnrin tó ń ta tíì níbẹ̀ kò ju ọmọ tí ọkùnrin náà bí lọ, kò níṣẹ́ mìíràn, kò sì lẹ́nu láti ní kí ó lo kọ́ńdọ̀mù. Ẹni tí iṣẹ́ gbé jìnnà pàdé ẹni tí ebi mú jókòó, ẹni tó wà nílé ni a wá ń nàka sí.

N kò sọ pé ibẹ̀ ni Másùn ti kó o. N kò bá a gun ọkọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ òkú, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí o purọ́ mọ́ alààyè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ dé ibùsùn ni ìrìn Aránṣọ mọ. Ẹ ń pe àrùn yìí ní kògbóògùn, bẹ́ẹ̀ ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Wọ́n ti yẹ àwọn ọmọ méjèèjì wò, kò sí nǹkan kan lára wọn. Másùn ì bá gba oògùn kan náà. Inú yàrá kan náà ló ti ń wo Aránṣọ bó ṣe ń lò ó.

Àwọn èèyàn kò gbé aṣọ wá fún Aránṣọ mọ́. Ìyàwó rẹ náà ránṣẹ́ wá gba bùláòsì rẹ̀, apá kan ṣoṣo ni wọ́n ti rán mọ́ ọn. Sọ fún un pé àrùn náà kì í gbé inú aṣọ. Apá kejì ṣì wà lọ́dọ̀ wa, kí ó rán ẹni wá mú un.

Bá mi kí i náà, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ, pàápàá èyí tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì.

Mo ti darúgbó, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi. Àkọ́bí mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo ní kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ti fi ilé àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà lé e lọ́wọ́ lójú Aránṣọ. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá iwájú. Bí o bá wá lọ́jọ́ Àìkú, má béèrè mi. Òun ni wàá bá. Yóò kí ọ, yóò fún ọ ní àga. Lẹ́yìn náà, yóò bi ọ́ bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tìrẹ wò rí. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọmọ mi ní ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n èsì tó bá fún ọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, èsì mi ni.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        Alábàárù.